Pèpéle Oníhò

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ pe orúkọ oyè ọkùnrin yìí tán ná, torí bí mo bá gé e kúrú, inú á bí i níbikíbi tó bá wà. Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ètò Ẹran Ọ̀sìn, Ìtọ́jú Ẹran Ọ̀sìn, Ìdàgbàsókè Ẹran Ọ̀sìn, àti Gbogbo Nǹkan Mìíràn Tó Bá Jẹ Mọ́ Ẹran Ọ̀sìn. Ó ti parí. Ẹ lè mí. Lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ là ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀rọ̀-Ò-Tán là ń pè é, èyí náà ni mo sì máa lò, torí mi ò ní gbogbo ọjọ́.

Ọkùnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ ga. Àga ọ̀hún ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀, wọ́n wá gbé àpótí sábẹ́ rẹ̀, wọ́n da aṣọ bo àpótí náà kí àlejò má baà rí i. Bó bá sín, gbogbo ọ́fíìsì á dìde, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, sà!" Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kì í sọ pé òun fẹ́ omi bí èmi àti ẹ̀yin. Á gbé ọwọ́ sókè, á ní:

"Ní ìbámu pẹ̀lú ipò tí mo wà, àti ní ìbámu pẹ̀lú bí ọ̀fun mi ṣe jí láàárọ̀ òní, mo rí i pé ó tọ́, ó yẹ, ó sì bójú mu, pé kí omi wá."

Kó tó dórí omi, òǹgbẹ á ti máa gbẹ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni Akọ̀wé rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rùn gígùn kan tí orí rẹ̀ ń mì "bẹ́ẹ̀ ni" kódà lójú oorun. Ẹ fojú sí Akọ̀wé yìí dáadáa o. Òun ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, gbólóhùn kan péré ló sì fi dá a sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìlú, ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ kan wà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sin ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, yàrá ẹran yìí ti yàrá ẹran tọ̀hún, àlàfo ẹsẹ̀ kan ló wà láàárín wọn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè jù níbẹ̀ ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláriwo. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ni. Ilé rẹ̀ ni Akọ̀wé gbé dàgbà, oúnjẹ rẹ̀ ló jẹ, ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ló sì rán an níléèwé tó fi di ẹni tó ń wọ táì.

Ní ọgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń ra ohun tí wọ́n fi ń darí ẹran. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Pátákó àdínà nìyí, bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín: ẹ wá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ti yọ, ẹ gé e kó ga dé ìbàdí yín, ẹ fi ayùn yọ ṣóńṣó igun rẹ̀ kó má baà gún ẹran lára, kí ẹ wá lu ihò gbọọrọ kan sókè rẹ̀ tí ọwọ́ á lè gbà á mú. Ó ti tán. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í gba ibi tí kò bá ti rí ìmọ́lẹ̀. Bó bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ yín báyìí, ibẹ̀ ló máa gbà, ẹ̀yin lẹ máa ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé pátákó dí i níwájú, á wò ó títí, á mí kanlẹ̀, á yí padà, á sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ síbi tí ẹ fẹ́. Èkejì ni ìkọ́ ilẹ̀kùn, wáyà lásán tí wọ́n ká mọ́ igi kí ẹran má baà ti ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀kẹta ni agolo. Ẹ bu òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì, ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ pa, ẹ fi igi bọ ìdí rẹ̀. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, ẹ mì í: ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀! Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ tó máa gbọ́ ọ tí kò ní dìde, ìbáà jẹ́ pé àlá oúnjẹ ló ń lá lọ́wọ́.

Ẹ má gbàgbé agolo yẹn o.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀rọ̀-Ò-Tán wá bẹ ọgbà náà wò. Oòrùn ń mú, ẹlẹ́dẹ̀ gbogbo sùn sílẹ̀ gbalaja. Ó dúró síwájú wọn, ó tún fìlà ṣe, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó la ẹnu:

"Ẹ̀yin ènìyàn mi ọ̀wọ́n!"

Lẹ́yìn yàrá tó kẹ́yìn, Ìyá Aláriwo ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá. Àkókò oúnjẹ ti tó. Ó gbé agolo, ó mì í. Haà! Gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sáré wá sídìí ọgbà, wọ́n ń ké, wọ́n ń fò mọ́ra wọn, ayọ̀ fẹ́ẹ̀ ya wọ́n ní wèrè.

Ọ̀rọ̀-Ò-Tán wo ọ̀tún, ó wo òsì. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò sẹ́ni tó dìde fún un báyìí rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń dìde. Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà.

"Akọ̀wé," ó ní, "kí ni wọ́n ń ṣe yìí?"

Akọ̀wé mọ̀. Ta ni ìbá mọ̀ bí kì í bá ṣe òun? Agolo yẹn ló mì láti kékeré tí apá fi ń ro ó. Òótọ́ ti dé ọ̀fun rẹ̀, ó ti dé ẹ̀yìn eyín, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó jáde:

"Ohùn yín ni wọ́n dá mọ̀, sà. Wọ́n ń kí yín ni."

Gbólóhùn tí mo wí nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó, ṣé kò dára kí èèyàn kàn ní òun ò mọ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀rọ̀-Ò-Tán pe ìpàdé. Ó gun orí àga, wọ́n ti àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ohun tí ojú mi rí lánàá," ó ní, "ojú aláṣẹ kankan kò rí i rí. Ẹran gbọ́ ohùn mi, ẹran dìde! Ẹran tí kò kàwé! Ẹran tí kò tilẹ̀ ní ìpè sí ìpàdé! Bí ẹran bá wá ń gbọ́ ohùn àṣẹ, kí ni àwọn èèyàn ń gbé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kiri fún? Kí ni wọ́n fi wáyà ṣe? Àbùkù ni! Ẹ̀gàn ni! Wọ́n ń fi pátákó lásán bá ohùn mi dupò!"

"Haà, sà!" gbogbo wọn ké. Obìnrin kan lára wọn tilẹ̀ gbìyànjú láti sunkún.

Bí wọ́n ṣe ṣòfin nìyẹn. Wọ́n fòfin de gbogbo ohun èlò àfọwọ́ṣe. Lọ́rì lọ sí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, ó kó pátákó, ó kó agolo, ó kó wáyà ìkọ́ ilẹ̀kùn, òkùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹran pa. Dípò gbogbo rẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn olóko ní Àṣẹ kan tí wọ́n á máa kà létí ẹran. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ó rèé:

"Ìwọ ẹran ọ̀sìn yìí! Ní orúkọ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ètò Ẹran Ọ̀sìn, Ìtọ́jú Ẹran Ọ̀sìn, Ìdàgbàsókè Ẹran Ọ̀sìn, àti Gbogbo Nǹkan Mìíràn Tó Bá Jẹ Mọ́ Ẹran Ọ̀sìn, mo pè ọ́, mo rọ̀ ọ́, mo sì pàṣẹ fún ọ, kí o ṣí kúrò níbi tí o wà, kí o sì lọ síbi tí o kò sí."

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ wá wo àgbà ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń kà á sétí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ wá wo ìyá arúgbó tó gbàgbé ìlà kan tí wọ́n ní kó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Wọ́n rán aṣọ́bodè ọ́fíìsì kan láti máa ṣọ́ wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ kan fara balẹ̀ gbọ́ Àṣẹ náà dópin, ó sì jẹ fìlà aṣọ́bodè.

"Ohùn yín ni kò ní ọ̀wọ̀ nínú," ni aṣọ́bodè wí fún ẹni tó ni ẹran, ó ń fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ tó pá.

Gbogbo wa là ń rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Aláriwo. Ó ní abo ẹlẹ́dẹ̀ kan, Arẹwà lorúkọ rẹ̀, funfun, títóbi, etí rẹ̀ kan tẹ̀ wálẹ̀ bo ojú. Arẹwà lóyún, oyún náà sì ti sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó bímọ gbẹ̀yìn, àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bí i sí, wọ́n tẹ àwọn ọmọ náà pa, kò sí èyí tó yè. Ìyá Aláriwo sunkún ọjọ́ náà débi pé kò pariwo fún odidi ọjọ́ kan. Látìgbà yẹn ló ti ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ létí ọgbà, ó tẹ́ koríko gbígbẹ síbẹ̀, ibẹ̀ ló fẹ́ kí Arẹwà bímọ sí. Ìrètí ilé wọn lọ́dún náà kò ju ọmọ Arẹwà lọ. Ṣùgbọ́n Arẹwà kò ní kúrò lójú kan láìsí pátákó. Ìyá Aláriwo ka Àṣẹ fún un. Arẹwà sùn. Ó tún un kà. Arẹwà hanrun. Ó wá fi èébú tirẹ̀ kún un, èébú tó dáa gan-an tí mi ò lè kọ síbí. Arẹwà yí ẹ̀gbẹ́ padà.

"Mò ń lọ gba pátákó mi," ó ní, ó so gèlè, ó kọrí sí ọ́fíìsì.

Lọ́fíìsì, nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ti ṣàkíyèsí pé àtẹ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò dún tó mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti bó.

"Àtẹ́wọ́ yìí ti rù," ó ní. "Kí ni ó wà nínú yàrá ìkẹ́rù tó lè dún?"

"Àwọn... àwọn agolo, sà," ni Akọ̀wé wí.

"Pín in fún wọn! Ẹnì kan, agolo kan! Ibi tí mo bá ti dánu dúró, kí wọ́n mì í!"

Akọ̀wé mọ ohun tí agolo ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀: "Ọgbọ́n àtọ̀runwá ni, sà!" Ó wá ń fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé, ó kéré tán, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ lọ́fíìsì. Èmi ò sọ nǹkan kan o.

Àwọn òṣìṣẹ́ mọ agolo mì. Wọ́n mọ̀ ọ́n mì débi pé apá wọn kì í béèrè lọ́wọ́ orí mọ́. Ọ̀gá dánu dúró, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ọ̀gá mí, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Nígbà tí Ìyá Aláriwo wọlé, tó kúnlẹ̀, ohun tó bá pàdé nìyẹn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Pátákó mi ni mo—"

"Obìnrin yìí wá dúpẹ́," ni Ọ̀rọ̀-Ò-Tán wí.

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

"Mi ò wá dúpẹ́, sà! Ẹran mi ló fẹ́ bí—"

"Ó ní ẹran òun náà ń dúpẹ́."

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

Ìyá Aláriwo, tí gbogbo ọgbà ń bẹ̀ pé kó rẹ ohùn sílẹ̀, ọjọ́ náà ni ohùn rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Akọ̀wé fà á lọ́wọ́ síta, sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Ọkọ mi," ó ní, torí bó ti ń pè é nìyẹn láti kékeré, "má sọ pé kí n rọra. Pátákó mi dà? Èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìgbéyàwó wa ṣe."

Akọ̀wé wo bàtà ara rẹ̀. "Wọ́n ti kàn án mọ́ pèpéle."

"Pèpéle wo?"

"Mínísítà ń bọ̀ wá wo bí ẹran ṣe ń gbọ́ ohùn Ọ̀gá. Bó bá rí i, ó máa mú Ọ̀gá lọ sí olú-ìlú, á fi í ṣe igbákejì ara rẹ̀. Ọ̀gá wá ní pèpéle òun gbọ́dọ̀ ga ju àga Mínísítà lọ, ni wọ́n bá fi gbogbo pátákó tí wọ́n kó lọ́dọ̀ yín kàn án. Ọgbà yín náà ni wọ́n máa ti ṣe é. Àti pé..." Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Arẹwà ni wọ́n mú pé kó ṣáájú. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i nípò kó tó dọjọ́ náà."

Ìyá Aláriwo ká ọwọ́ lérí. "Ọjọ́ náà gan-an ló máa bímọ! Ọkọ mi, o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ àwọn ti ìjọ́sí pa. Àwa méjèèjì la jọ gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n."

Orí Akọ̀wé ń mì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tilẹ̀ gbìyànjú láti sọ òótọ́. Ó wọlé tọ ọ̀gá rẹ̀, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀.

"Sà, nípa àwọn agolo yẹn. Bí a bá ń kó wọn lọ sí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀—"

"Wọn ò pọ̀ tó, àbí? Ó ti wà lọ́kàn mi. Fi kún un!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Akọ̀wé wí. Kí ni mo fẹ́ ṣe fún un? Ẹ bá mi gbá a létí.

Ọjọ́ pé. Ẹ wá wo ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n kùn ní funfun dé ara igi. Òkùn tí wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹran, Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ní ó burẹ́wà, wọ́n tú u, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù pupa so ó dípò rẹ̀, kí Mínísítà baà lè gé e bí ètò bá ń lọ sópin. Pèpéle wà láàárín, ó ga, ó kún fún ọ̀dà wúrà, wọ́n sì kọ orúkọ oyè rẹ̀ yí i ká, ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí pátákó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fẹ́ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ní kápẹ́ẹ̀tì á bo wúrà òun, wọ́n bá ká kápẹ́ẹ̀tì jù sábẹ́. Nítorí náà, kò sí ohun tó bo ihò. Ẹ sáà rántí pé pátákó kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tí wọ́n fi ń dì í mú. Pèpéle oníhò ni ọkùnrin náà gùn.

Mínísítà dé. Màmá àgbà kan ni, awò ojú rẹ̀ nípọn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó sísàlẹ̀, ó gbójú sókè wo Ọ̀rọ̀-Ò-Tán.

"Ẹ ṣe é ní kúkúrú," ó ní.

Kúkúrú kẹ̀! Ọ̀rọ̀-Ò-Tán na apá méjèèjì. Ẹlẹ́dẹ̀ gbogbo sùn lọ fọnfọn. Àwọn òṣìṣẹ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, agolo lọ́wọ́ wọn.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n!" ó ké, ó dánu dúró.

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

Gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ dìde.

Mínísítà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Àwọn èrò ní "Yéèè!" Ká má parọ́, fún bí ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sẹ́ni tí nǹkan dùn fún láyé bíi Ọ̀rọ̀-Ò-Tán. Ohun tó ní òun lè ṣe, ó ṣe é lójú gbogbo ayé.

"Ẹ rí i!" ó ní.

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

Wọ́n sáré dé ìdí ilẹ̀kùn.

"Wọ́n mọ̀ mí!"

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, agolo yẹn kò parọ́ fún wọn rí. Bó bá dún, oúnjẹ ń bẹ. Wọ́n wo ibi oúnjẹ, kò sí nǹkan. Wọ́n bá gbà pé ìta ni oúnjẹ wà. Èyí tó ṣáájú fi imú ti ilẹ̀kùn, ríbọ́ọ̀nù pupa já. Bí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe bá Mínísítà gé e nìyẹn.

Ẹ gbà mí o! Wọ́n ya jáde! Wọ́n gba abẹ́ àga, wọ́n gba orí tábìlì, wọ́n gba àárín ẹsẹ̀ àwọn olóyè. Aṣọ́bodè tí wọ́n jẹ fìlà rẹ̀ níjọ́sí fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà tuntun mú mọ́ orí, bàtà ni wọ́n wá bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Mínísítà wí, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga, "ẹ dá wọn dúró."

"Kíá, mà! Ìwọ ẹran ọ̀sìn yìí!"

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

"Ní orúkọ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá!"

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

"Ẹ dákẹ́!"

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

Apá wọn ni, kì í ṣe àwọn. Bí ó bá ti dánu dúró, apá á mì. Òṣìṣẹ́ kan ń sunkún, ó ń fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, agolo ṣì ń dún. Ẹlẹ́dẹ̀ ti wá mọ̀ báyìí pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orí pèpéle ni agolo ń dún, wọ́n yí pèpéle ká, wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ti imú bọ inú ihò. Imú lókè, imú nísàlẹ̀, imú níhìn-ín, imú lọ́hùn-ún, wọ́n ń lá bàtà Ọ̀gá Àgbà Pátápátá. Ó ń gbẹ́sẹ̀ kan sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ sórí imú mìíràn.

Akọ̀wé wá lanu nígbà náà, òótọ́ tó ti wà lọ́fun rẹ̀ látọjọ́ yìí sì jáde wàá:

"Ẹ ju agolo sílẹ̀! Oúnjẹ ni wọ́n rò pé ẹ ń pè wọ́n sí! Kì í ṣe ohùn Ọ̀gá! Kò fìgbà kan jẹ́ ohùn Ọ̀gá!"

Wọ́n ju agolo sílẹ̀. Agolo ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ń lé e kiri.

Lẹ́yìn gbogbo wọn ni Arẹwà jáde. Kò sáré. Inú rẹ̀ ń kanlẹ̀ lọ, ó ń mí helehele. Ó rí òjìji lábẹ́ pèpéle, ó wọbẹ̀, ó rí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹnu fà á ya, ó ń tò ó yí ara rẹ̀ ká. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kọjá lórí ìrù rẹ̀.

"Ó ń rọbí!" Ìyá Aláriwo ló ké bẹ́ẹ̀. "Wọ́n tún máa tẹ̀ wọ́n pa! Ọkọ mi! Ọkọ mi, pátákó mi!"

Akọ̀wé sáré dé ìdí pèpéle. Ó dá a mọ̀ láàárín gbogbo pátákó, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí òun fúnra rẹ̀ ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ní kékeré. PÁTÁPÁTÁ ni wọ́n kọ sí i.

"Akọ̀wé!" Ọ̀rọ̀-Ò-Tán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ látòkè, ojú rẹ̀ pọ́n. "Bí o bá fọwọ́ kan pèpéle yìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ! Ṣé o gbọ́?"

Akọ̀wé wò ó. Ó wo obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà. Orí rẹ̀ ń mì bó ti máa ń mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní, ó sì fi ẹsẹ̀ ti igi pèpéle, ó fa pátákó yọ tìṣótìṣó.

Pèpéle dẹ̀gbẹ́. Ìyá Aláriwo gba pátákó rẹ̀ mọ́ra, ojú ẹsẹ̀ náà ló wọ abẹ́ pèpéle. Àwọn olóko yòókù rí i. Ta ló tún ń dúró gbàṣẹ? Kálukú mọ tirẹ̀. Ọ̀gá lọ. Àgbà lọ. Ìtọ́jú lọ, Ìdàgbàsókè lọ. Bí wọ́n ti ń fà á yọ ni ọkùnrin náà ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, ó dúró lórí Gbogbo Nǹkan Mìíràn fúngbà díẹ̀, ìyá arúgbó kan sì ní, "Ẹ dákun, ẹ gbẹ́sẹ̀, ọmọ mi, tèmi nìyẹn." Ó gbẹ́sẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbogbo ìlú rí bí ó ṣe kúrú tó.

Ìyá Aláriwo gbé pátákó dí Arẹwà lójú. Arẹwà wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó yí padà. "Máa lọ, ìyá mi. Máa lọ, arẹwà obìnrin. Rọra." Akọ̀wé ń lé àwọn tó kù kúrò lọ́nà níwájú wọn, táì rẹ̀ wà lẹ́nu ẹlẹ́dẹ̀ kan. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé lọ, wọ́n wọ yàrá koríko, ilẹ̀kùn pa dé.

Àwọn yòókù to pátákó wọn mọ́ra bí ògiri, wọ́n ń da ẹran padà sílé. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán wà láàárín ẹran. Ó yíjú sọ́tùn-ún, pátákó. Ó yíjú sósì, pátákó, wúrà orúkọ ara rẹ̀ ń kọ mọ̀nà lójú rẹ̀. Kò rí ìmọ́lẹ̀ níbì kankan, àfi lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹran. Òun náà mí kanlẹ̀, ó yí padà, ó bá wọn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnì kan fa wáyà yọ lápò, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn.

Mínísítà sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó rìn wá sí ìdí ọgbà, ó gbé ọwọ́ lé igi ọgbà.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n..." ni Ọ̀rọ̀-Ò-Tán bẹ̀rẹ̀. Ó dánu dúró, ó ń retí. Kò sí nǹkan tó dún.

Láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn la gbọ́ ohùn kékeré kan láti ẹ̀yìn ilé, tín-ín-rín, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà òmíràn. Lẹ́yìn wọn la gbọ́ Ìyá Aláriwo, a sì mọ̀ pé nǹkan ti dára, torí ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, ìlú kejì gbọ́ ọ. Gbogbo ọmọ náà yè. Wọ́n tilẹ̀ pọ̀ ju ọmú ìyá wọn lọ, Akọ̀wé ló ń fi ìgò bọ́ èyí tó kéré jù, ó sì tún ti di olóko ẹlẹ́dẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá sọ ohun tí kò dáa lójú rẹ̀, á ní kò dáa.

Ní ti ọ̀gá rẹ̀, Mínísítà ò gbèrò ibi sí i. "Ẹni tí ẹran mọ ohùn rẹ̀ tó báyìí," ó ní, "ìkà ni kí n mú un jìnnà sí wọn." Ó fi í sí ọgbà náà, kó máa bọ́ wọn.

Mo kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, lásìkò oúnjẹ. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán dúró níwájú wọn, fìlà rẹ̀ wà lórí. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀, kò rí mi. Ó mi agolo. Gbogbo wọn dìde, wọ́n sáré wá, wọ́n ń ké. Ó yára fi agolo pamọ́ sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ kejì sókè, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ ṣeun," ó ń sọ fún wọn, "ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó."